Owó kan náà ni, ìwé ló yàtọ̀: bí àwọn kíláàbù NFL ṣe ń tún kọ́ńtíráàtì tò

Gbogbo ọdún ni. Tó bá ti ku díẹ̀ kí oṣù kẹta wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kíláàbù kan ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù American football, ti fi mílíọ̀nù 60 tàbí 70 dọ́là kọjá salary cap, ìyẹn òpin owó tí kíláàbù lè kọ sórí àwọn plẹ́yà ẹ̀ lọ́dún kan, pé wọ́n ti wọ gàù, pé kò sí bí wọ́n ṣe máa ṣe é tí wọn ò ní lé ìdajì àwọn plẹ́yà wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, kíláàbù yẹn náà lẹ máa gbọ́ pé ó ti fún ẹnì kan ní mílíọ̀nù 80. Ibẹ̀ làwọn kan á ti sọ pé káàpù kankan ò sí jàre, àlọ́ ìjàpá ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Káàpù wà dáadáa, ó kàn jẹ́ pé kì í kánjú gba gbèsè ẹ̀ ni. Ohun tó máa ń bí mi nínú díẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ti sọ pé kíláàbù kan "tún kọ́ńtíráàtì tò", ńṣe ló máa ń dún bíi pé wọ́n rí owó he lójú títì. Owó wo? Wọ́n kàn so ara wọn mọ́ plẹ́yà yẹn ni, tó fi jẹ́ pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, bó ti wù kó wù wọ́n kí wọ́n lé e lọ tó, á ṣòro kí wọ́n tó lè lé e.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé Premier League nìkan lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ n yára ṣàlàyé. Kíláàbù 32 ló wà ní NFL. Lọ́dọọdún, líìgì àti NFLPA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn plẹ́yà, á ṣírò owó tó ń wọlé, owó tẹlifíṣàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n á yọ ti àwọn plẹ́yà sọ́tọ̀, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, wọ́n á wá pín in sọ́nà 32, iye tó bá bọ́ sí ti kíláàbù kan, òun ni káàpù ọdún yẹn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1994, mílíọ̀nù 34.6 dọ́là ni. Ní 2025 ó ti di mílíọ̀nù 279.2. Ó sì le o, kò dà bíi ti NBA tó jẹ́ pé olówó lè kọjá ààlà kó kàn san owó orí tó yẹ. Ní NFL, tí ọjọ́ tí ọdún tuntun líìgì ń bẹ̀rẹ̀ bá ti pé nínú oṣù kẹta, kíláàbù kankan ò gbọ́dọ̀ wà lókè káàpù, iye bílíọ̀nù tí ọ̀gá ẹ̀ ní ò kan líìgì rárá.

Ibo ni wọ́n wá ń gbà? Káàpù kì í ka owó tó jáde lápò kíláàbù lónìí, iye tí wọ́n bá kọ sórí ọdún yẹn nínú ìwé ló ń kà. Sálárì lásán, ìyẹn owó tí plẹ́yà ń gbà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́, orí ọdún tí wọ́n bá san án náà ló máa wà. Àmọ́ tó bá jẹ́ bónọ́ọ̀sì ìtọwọ́bọ̀wé, wọ́n lè kó gbogbo ẹ̀ fún plẹ́yà lónìí, kí wọ́n sì gé e sí wẹ́wẹ́ sórí ọdún márùn-ún nínú ìwé. Márùn-ún lòpin, wọn ò lè nà án kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará Chelsea ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n ìṣirò tí wọ́n fi fún Enzo Fernández ní kọ́ńtíráàtì ọdún mẹ́jọ àtààbọ̀ ní January 2023 nìyẹn, kó tó di pé UEFA ní kí wọ́n máa fi mọ sí ọdún márùn-ún. Torí náà, tí kíláàbù NFL bá ń wá àyè, wọ́n á mú sálárì tí plẹ́yà fẹ́ gbà lọ́dún yìí, wọ́n á fi ìwọ̀nba tó kéré jù tí líìgì fàyè gbà sílẹ̀, wọ́n á sọ ìyókù di bónọ́ọ̀sì. Ó tán. Orúkọ owó ló yí padà, owó ò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká fi Deshaun Watson, quarterback (ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù), àti Cleveland Browns ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ló ti hàn kedere jù. Ní March 2022, Browns fún un ní kọ́ńtíráàtì ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 230, gbogbo ẹ̀ pátá ló ní gàrántì, kò tíì sí plẹ́yà NFL tó gba gàrántì tó pọ̀ tó yẹn rí nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá pín in sí márùn-ún, mílíọ̀nù 46 lọ́dún. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni pé lọ́dún àkọ́kọ́, sálárì ẹ̀ ò ju mílíọ̀nù 1.035 lọ, mílíọ̀nù 44.965 tó kù jẹ́ bónọ́ọ̀sì, wọ́n gé ìyẹn sí márùn-ún, 8.993 bọ́ sórí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́rin tó kù, sálárì 46, 46, 46, 46. (Sálárì kékeré ọdún àkọ́kọ́ yẹn náà nítumọ̀ o: wọ́n ti mọ̀ pé líìgì lè fi ìyà jẹ ẹ́, nígbà tí wọ́n sì ní kó jókòó sílé fún eré 11, owó tí àìgbábọ́ọ̀lù yẹn ná an kéré gan-an ju bí ì bá ṣe rí lọ, yàtọ̀ sí ìtanràn mílíọ̀nù 5.)

Ẹ wá wò ó. 2023 dé. Sálárì 46, ẹ fi 8.993 tó ti wà nílẹ̀ kún un, mílíọ̀nù 55 ni Watson nìkan fẹ́ jẹ nínú káàpù mílíọ̀nù 224.8, plẹ́yà kan ṣoṣo nínú mẹ́tàléláàádọ́ta. Browns ní ó tì o. Wọ́n fi 1.08 sílẹ̀ ní sálárì, wọ́n sọ 44.92 di bónọ́ọ̀sì, wọ́n gé ìyẹn náà sí márùn-ún, 8.984 lọ́dún kan. Bí 55 ṣe já wá sí 19 nìyẹn. Àyè mílíọ̀nù 36 là lójijì, inú gbogbo èèyàn dùn.

Àmọ́ 2024 ń bọ̀. Sálárì 46 ṣì wà níbẹ̀, 8.993 ti àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, 8.984 ti ẹ̀ẹ̀kejì náà ti dé: mílíọ̀nù 64. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tún un tò. 2025 dé, sálárì 46, gígé mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀ báyìí, mílíọ̀nù 73 lápapọ̀. Nígbà yẹn, iṣan gìgísẹ̀ Watson ti já ní October 2024, ó tún já lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó jinná, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì lè gbé e sáré. Wọ́n sì tún un tò náà ni, wọ́n fà á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 37.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sáré kọjá, torí ibí lọ̀rọ̀ wà. Owó tí Watson ń gbà ò kúrò lójú kan rárá, 46 ni ní 2023, 46 ni ní 2024, 46 ni ní 2025. Àmọ́ iye tó ń dojú kọ wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ń lọ 55, 64, 73, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tì í síwájú, èyí tí wọ́n tì lọ́dún tó kọjá ti jókòó síbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n. Kọ́ńtíráàtì yẹn fúnra ẹ̀ á parí ní 2026, àmọ́ owó ẹ̀ á ṣì wà lórí ìwé Browns lẹ́yìn ìyẹn. Gbèsè ni wọ́n fi ń san gbèsè.

Ẹlòmíì á béèrè pé kí ló dé tí plẹ́yà fi máa ń gbà fún wọn. Kí ló dé tí kò fi ní gbà kẹ̀? Owó tó yẹ kó máa dúró gbà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó o fún un báyìí. Tí sálárì yẹn ò bá tiẹ̀ ní gàrántì tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé wọ́n lè já a sílẹ̀ kó máà rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, ó ti di owó ọwọ́, bó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ́la, owó ẹ̀ ti wà ní báńkì. Kódà ọ̀pọ̀ kọ́ńtíráàtì àwọn plẹ́yà ńlá ló ti ní ìlà kan nínú tó sọ pé kíláàbù lè sọ sálárì di bónọ́ọ̀sì nígbà tó bá wù wọ́n láì tún wá bi plẹ́yà léèrè. Éjẹ́ǹtì wo ló máa kọ̀ ọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín tí oníròyìn bá ní plẹ́yà kan "fi nǹkan sílẹ̀ nítorí tíìmù". Kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó gba owó ẹ̀ ṣáájú àsìkò ni.

Èèyàn tó ń fi nǹkan sílẹ̀ ni ẹni tí wọ́n dín owó ẹ̀ kù, nǹkan ọ̀tọ̀ gbáà nìyẹn, ṣùgbọ́n nínú ìròyìn ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń lò fún méjèèjì, mo máa padà sórí ẹ̀.

Tí ọdún tó kù lórí kọ́ńtíráàtì ò bá wá tó márùn-ún ńkọ́, kí ni wọ́n fẹ́ gé bónọ́ọ̀sì sí? Wọ́n á dá ọdún sílẹ̀ ni. Mi ò ṣàwàdà. Wọ́n á lẹ ọdún òfìfo mọ́ ìdí kọ́ńtíráàtì, ọdún tí plẹ́yà mọ̀, tí kíláàbù mọ̀, tí líìgì náà mọ̀ pé kò ní gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀, void years ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ tó ń ṣe ò ju kí wọ́n ríbi tẹ́ gígé owó sí. Ọjọ́ tí ọdún òfìfo yẹn bá bẹ̀rẹ̀, kọ́ńtíráàtì á fọ́ fúnra ẹ̀, gbogbo gígé tó kù á ṣubú sórí ọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí Tom Brady ṣe fi New England sílẹ̀ nìyẹn ní March 2020, ó ti ń múra Tampa, mílíọ̀nù 13.5 tiẹ̀ sì ṣì wà lórí káàpù Patriots, wọ́n ń sanwó fún quarterback tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbòmíì. Tampa Bay náà ṣe bẹ́ẹ̀, tiwọn tiẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí Brady wá fẹ̀yìn tì tán pátápátá ní 2023, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, nǹkan bíi mílíọ̀nù 35 ló fi sílẹ̀ sórí káàpù ọdún yẹn. Ṣé wọ́n jẹ̀bi? Lójú tèmi, rárá. Wọ́n gba Super Bowl, eré àṣekágbá líìgì, ní February 2021, wọ́n lo owó yẹn láti kó gbogbo tíìmù yẹn pọ̀ padà, ohun tí wọ́n rà ni wọ́n ń san owó ẹ̀. Kódà lọ́dún tí ẹrù mílíọ̀nù 35 yẹn wà lọ́rùn wọn, Baker Mayfield tí wọ́n fi mílíọ̀nù mẹ́rin mú wá fún ọdún kan gbé wọn ṣe ipò kìíní ní ìsọ̀rí wọn.

Owó tó bá ṣẹ́kù sórí ìwé fún ẹni tí kò sí nílé mọ́, òkú owó ni wọ́n ń pè é, dead money. Ibẹ̀ lojú kíláàbù ti máa ń là. Títà ò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ o, torí bónọ́ọ̀sì tí ẹ ti san, ẹ̀yin lẹ san án, kíláàbù tó rà á ò ní bá yín gbé e. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n lè gbà pín ìyà yẹn sí ọdún méjì, wọ́n á kọ plẹ́yà náà sílẹ̀ bíi pé lẹ́yìn June 1 ni wọ́n já a sílẹ̀, ẹni méjì péré ni kíláàbù lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ́dún. Ó ń dín ìrora kù, kì í dín owó kù.

Ti Matt Ryan ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún ẹni tó bá ní títún kọ́ńtíráàtì tò ò lẹ́ṣẹ̀. March 2021, Atlanta Falcons ń wá àyè, wọ́n tún kọ́ńtíráàtì ẹ̀ tò. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, March 2022, wọ́n lọ ń tọrọ Watson kan náà tá à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, Watson lọ sí Cleveland, ojú ti dà láàárín àwọn àti Ryan, wọ́n bá tà á fún Indianapolis Colts, draft pick kan ní ìpele kẹta, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti yan plẹ́yà kan nínú àwọn ọmọ tuntun tó ń jáde ní yunifásítì, ni wọ́n gbà. Òkú owó mílíọ̀nù 40.5 ló kù sílẹ̀ fún Atlanta, kò tíì sí plẹ́yà tó fi tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí káàpù ọdún kan rí nígbà yẹn. Ẹ ṣáà wo bí nǹkan ṣe tò tẹ̀léra: ọdún yìí ẹ fi ìwé sọ pé a ò lè ṣe láìsí ẹ, ọdún tó tẹ̀ lé e ẹ ń wá ẹlòmíì. Tí wọn ò bá fọwọ́ kan kọ́ńtíráàtì yẹn ní 2021, owó tí wọ́n máa fi yọ ara wọn ní 2022 ì bá kéré sí iye yẹn. Ohun tí mò ń sọ láti òkè nìyẹn. Àyè tí wọ́n rí ní 2021, wọ́n ra á pẹ̀lú òmìnira 2022.

Denver Broncos tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ra Russell Wilson láti Seattle ní March 2022, kó tó gbá eré kan ṣoṣo fún wọn, wọ́n ti fi ọdún márùn-ún àti mílíọ̀nù 245 kún kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ní September. March 2024 wọ́n já a sílẹ̀. Òkú owó: mílíọ̀nù 85, wọ́n pín in, 53 sórí 2024, 32 sórí 2025. Wilson wá lọ sí Pittsburgh, Steelers ń san mílíọ̀nù 1.21 péré fún un, iye tó kéré jù tí àgbà plẹ́yà lè gbà, Denver ló ń san ìyókù. Ẹ rántí o, mílíọ̀nù 53 nínú káàpù mílíọ̀nù 255.4 fún ẹni tó ń wọ jẹ́sì ẹlòmíì!

Ibi tó yani lẹ́nu ni pé Broncos wọ playoff, ìdíje ìparí ọdún fún àwọn tó ṣe dáadáa, lọ́dún yẹn gan-an, pẹ̀lú Bo Nix tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Àwọn tó ní káàpù ò sí máa ń fi èyí lù mí lẹ́nu, àmọ́ lójú mi ńṣe ló ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Ohun tó rọrùn jù fún Denver ni kí wọ́n tún kọ́ńtíráàtì Wilson tò, kí wọ́n fi mílíọ̀nù mélòó kan ra ìfọ̀kànbalẹ̀ ọdún kan, kí wọ́n máa bá a yí. Wọ́n kọ̀, wọ́n gbé gbogbo ìyà náà mì, quarterback tuntun tí owó ẹ̀ kéré sì fún wọn láyè mí.

Mi ò ní kẹ́ ẹ rò pé àwọn tó ń ti owó síwájú ya wèrè o. Wọ́n ní ìṣirò tiwọn, ìṣirò yẹn sì dáa. Káàpù ń ga lọ́dọọdún. Mílíọ̀nù 10 nínú 198.2 ti 2020 jẹ́ nǹkan bíi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù 10 yẹn náà nínú 279.2 ti 2025 ò pé ìdá 4. Tẹ́ ẹ bá lè ra nǹkan lónìí kẹ́ ẹ máa san án nígbà tí owó ti fúyẹ́, ta ni ò ní ṣe é? Howie Roseman, jẹ́nẹ́rà mánéjà Philadelphia Eagles, ti sọ èyí di iṣẹ́ ọwọ́, bónọ́ọ̀sì lóríṣiríṣi, ọdún òfìfo lórí ọ̀pọ̀ kọ́ńtíráàtì, wọ́n sì na Kansas City 40 sí 22 nínú Super Bowl ní February 2025. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń ṣe é fún: Jalen Hurts, Landon Dickerson, Jordan Mailata, DeVonta Smith, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì dàgbà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tiẹ̀ so ara wọn mọ́ wọn, ọdún tí wọ́n dè yẹn ọdún tí agbára ṣì wà ni. Ó tún máa ń tètè fún wọn lówó kó tó di pé iye tí ọjà ń pè ga. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn, gígé owó kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Àwọn tó ti ìdà kejì mọ́ra ni New Orleans Saints. Mickey Loomis, jẹ́nẹ́rà mánéjà wọn láti 2002, ló gbajúmọ̀ jù nídìí àṣà yìí, nígbà tí Drew Brees wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bínú sí i torí wọ́n ń jagun láti gba ife kan sí i kí ọkùnrin náà tó fẹ̀yìn tì. 2021 ló wá ṣẹlẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rò ó: kòrónà ti lé àwọn òǹwòran kúrò ní pápá, káàpù tó máa ń ga já wálẹ̀ láti 198.2 sí 182.5. Saints ti fi nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù kọjá káàpù lórí ìwé. Brees tó ń lọ sílé fúnra ẹ̀ gé sálárì mílíọ̀nù 25 sí 1.075 kí wọ́n lè mí, lẹ́yìn náà wọ́n tún ti ẹni báyìí tò, wọ́n tún ti tọ̀hún tò, wọ́n sì wọlé sábẹ́ káàpù bí òfin ṣe wí. Gbogbo èèyàn kan sáárá sí wọn. Látìgbà náà, 2021, 2022, 2023, 2024, playoff ò rí wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìyanu láti dé abẹ́ káàpù, tí wọ́n bá dé ibẹ̀ tán, àwọn plẹ́yà kan náà ló wà nílé, wọ́n kàn ti fi ọdún kan dàgbà sí i. Ní March 2025 wọ́n tún ti Derek Carr, quarterback tí wọ́n fún ní mílíọ̀nù 150 fún ọdún mẹ́rin ní 2023, tò. May dé, Carr ní èjìká òun ò ṣeé gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ó fẹ̀yìn tì.

Ẹ wá fi ti Patrick Mahomes, quarterback Kansas City, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kọ́ńtíráàtì ọdún mẹ́wàá tó fọwọ́ sí ní 2020, mílíọ̀nù 450, gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ iye owó náà, àmọ́ gígùn ẹ̀ ló dùn mọ́ àwọn tó ń ṣírò ní Kansas City, torí ọdún gidi pọ̀ tí wọ́n lè gé owó sí, kò sídìí láti dá ọdún òfìfo sílẹ̀. Ní February 2021 Tampa fìyà jẹ wọ́n nínú Super Bowl, ọkùnrin méjèèjì tó yẹ kó máa dáàbò bo Mahomes lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì ti ṣèṣe, ó sá káàkiri pápá títí eré fi tán. Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n sọ mílíọ̀nù 21.7 nínú owó ẹ̀ di bónọ́ọ̀sì tí wọ́n gé, àyè mílíọ̀nù 17.4 là, wọ́n já àwọn méjì yẹn sílẹ̀, wọ́n mú Joe Thuney wá, ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 80. Thuney wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ife ní 2023 àti 2024. Ìdè ni títún ti Mahomes tò náà o, ìdè tó le gan-an. Àmọ́ ta ló ń gbèrò láti lé Mahomes lọ? Ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí jẹ́nẹ́rà mánéjà bi ara ẹ̀ nìyẹn: tí kò bá sí káàpù rárá, ṣé màá ṣì fẹ́ ọkùnrin yìí nílé ní ọdún mẹ́ta sí i? Tí ìdáhùn bá ń fì, kó gbé bírò sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. 1995, káàpù ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ tí Dallas Cowboys fi fún Deion Sanders ní bónọ́ọ̀sì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 13, sálárì ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ kéré débi ẹ̀rín, líìgì ní láti ṣe òfin tuntun torí ẹ̀. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní sùúrù fún ọgbọ́n, wọ́n kàn rú òfin: San Francisco 49ers fi àdéhùn abẹ́lẹ̀ gba ìjìyà ní 2000, Denver náà sì san ìtanràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2 dọ́là lápapọ̀ ní 2001 àti 2004 torí owó tí wọ́n fi pamọ́ fún John Elway àti Terrell Davis lásìkò tí wọ́n gba Super Bowl méjì léraléra. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 2010. Káàpù ò sí lọ́dún yẹn torí àdéhùn líìgì àti àwọn plẹ́yà ti ń parí lọ. Washington àti Dallas bá kó owó ńlá ńlá sórí ọdún náà, kò kúkú sófin tó ní kí wọ́n má ṣe é. 2012, líìgì gba mílíọ̀nù 36 káàpù lọ́wọ́ Washington, 10 lọ́wọ́ Dallas. Kò sí káàpù, síbẹ̀ wọ́n fìyà jẹ wọ́n pé wọ́n kọjá ẹ̀!

Mo ní mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń dín owó wọn kù. Gbogbo eré tá a ń sọ yìí, àwọn ńláńlá ló wà fún. Kò sẹ́ni tó ń tún kọ́ńtíráàtì ẹni tó ń gba mílíọ̀nù méjì tò, kí lẹ fẹ́ rí gé níbẹ̀? Nígbà tí àyè bá wá tán, tí gígé ti ọdún tó kọjá bá dé, tí òkú owó náà sì ti jókòó síbẹ̀, àwọn àárín ni wọ́n máa ń lọ bá, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa àmọ́ tí sálárì ẹ̀ ò ní gàrántì mọ́. Wọ́n á ní kó gba iye tó dín tàbí kó máa lọ. Aaron Jones ní Green Bay Packers nìyẹn. Ní 2023 ó gbà kí wọ́n gé mílíọ̀nù 5 lára owó ẹ̀, ìròyìn kọ ọ́ pé ó "tún kọ́ńtíráàtì ẹ̀ tò". January 2024 ó sá yáàdì 118 ní Dallas nínú playoff, touchdown mẹ́ta. March, wọ́n tún ní kó jẹ́ kí wọ́n dín owó ẹ̀ kù sí i. Ó kọ̀. Wọ́n já a sílẹ̀, wọ́n sì mú Josh Jacobs wá pẹ̀lú kọ́ńtíráàtì ọdún mẹ́rin, mílíọ̀nù 48. Jones kọjá sí Minnesota, tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí kan náà, mílíọ̀nù 7 fún ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Packers sì ní láti máa pàdé ẹ̀ lórí pápá.